Ẹ̀rín Tí A Fi Owó Olówó Rín

Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ní Mushin tàbí ní Ìbàdàn, tí ẹ bi í pé fíìmù wo ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré, ó ṣòro kó tó dárúkọ ti òyìnbó. Ti àwọn òṣèré wa ni yóò sọ, àwọn tí kò rówó ìjọba gbà, tí kò sì sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Owó àpò àti owó yíyá ni wọ́n fi ṣe é.

Ní 1976 ni Àjàní Ògún jáde. Ola Balogun ló darí rẹ̀, Adé Love, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Adéyẹmí Afọláyan, ló ṣe ọdẹ tó bá olóṣèlú jẹgúdújẹrá wọ̀yá ìjà nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ní 1979, Adé Love tún fi ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ṣe Ìjà Òmìnira, nígbà tí Ògúǹdé náà gbé Ayé dé.

Ẹ̀dà fíìmù kì í pọ̀ nígbà náà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó gọbọi sì ni. Nítorí náà, ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri bí abiyamọ ṣe ń pọnmọ. Inú bọ́ọ̀sì kan ni róòlù fíìmù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé e jáde, aṣọ funfun àti jẹnẹrétọ̀ wà. Gbọ̀ngàn ìlú lónìí, ilé-ìwé lọ́la, òtẹ́ẹ̀lì lọ́tùn-únla. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń gba owó, torí kò fọkàn tán àwọn onílé sinimá. Èmi ò bá a wí.

Bàbá mi, télọ̀ ni, wo Ayé nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń fi gbogbo ẹnu kìlọ̀ fún Ọ̀ṣẹ́tùúrá pé kó ṣọ́ra, àwọn àjẹ́ ti dé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò dùn ún títí tó fi kú.

Èyí tó wà lọ́kàn tèmi ni Ọ̀run Móoru. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀ ló ṣe é ní 1982, Bàbá Sàlá tí gbogbo wa mọ̀, Bàbá Sàlá oníjíńgí gbàǹgbà, tó so aago ńlá mọ́ra bí ẹni pé aago ọwọ́ ni. Kó tó di aláwàdà, ó ti ní ẹgbẹ́ olórin háílàìfù rí, inú ẹgbẹ́ náà sì ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló wá gbé e wọ ilé gbogbo. Nígbà tó wá fẹ́ ṣe fíìmù, kò fi ọwọ́ kékeré mú un. Ó yáwó, ó sì pe Ola Balogun kó wá darí rẹ̀.

Ìtàn ọ̀hún rèé: ọkùnrin kan ní owó lọ́wọ́, oníṣègùn èké kan tàn án pé òun á sọ owó náà di rẹpẹtẹ. Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó di aláìní, ìyà wá jẹ ẹ́ títí tó fi ń wá ikú kiri. Ẹ sọ fún mi, kí ló pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Síbẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí tí omi fi jáde lójú wa.

Mo ní a rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn. Nǹkan bí ọdún 1988 ni, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n kan nínú àgbàlá wa ra ẹ̀rọ fídíò, ó sì ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwa ọmọdé ká tó wọlé. Ó pe bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ẹ wá wo Bàbá Sàlá, ẹ̀yin ò ní sanwó." Bàbá mi bi í pé, "Ṣé Ọláìyá ló tà á fún ọ?" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá mi gbé àga sójúde, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ìgbà tó yá, ohùn Bàbá Sàlá jáde láti ojú fèrèsé, mo sì gbọ́ tí bàbá mi bú sẹ́rìn-ín níta. Ó wúkọ́ láti fi bò ó. Kò wọlé.

Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n ti jí fíìmù náà dà sínú kásẹ́ẹ̀tì kó tó yí ìlú ká tán. Ẹ̀rọ fídíò méjì péré lolè nílò. Ní òru kan, wọ́n lè ṣe ẹ̀dà tí yóò gba èrò gbọ̀ngàn mẹ́wàá lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Gbèsè wọ Ọláìyá lọ́rùn. Ẹni tó ṣe eré lórí ọkùnrin tí àwọn èké kó lówó lọ, òun náà ni àwọn èké kó lówó lọ, a sì jókòó sórí ẹní, à ń wò ó. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ kò dé títí di 1988. Bàbá Sàlá kò kúkú jáwọ́ o, ó tún ṣe òmíràn tó pè ní Moṣebọ́látán. Ẹ fúnra yín ẹ túmọ̀ orúkọ yẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Bàbá Sàlá dágbére fáyé. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní kí n kọ nǹkan kan, mo sì lọ sọ́jà àwọn onídíìsìkì láti wá Ọ̀run Móoru. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun ní in. Àwòrán ẹ̀yìn páálí rẹ̀ ti ṣú, wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ Ọláìyá tán. Igba náírà ni.

Mo bi í pé ta ló ń gba owó rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, baba ti kú. Ta ni kí n máa sanwó fún?"

Mo ní ó lọ́mọ.

Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, bóyá ó rò pé mò ń ná ọjà ni. Ó ní kí n mú àádọ́jọ wá.