Láti Dọ̀pẹ̀mú Dé Ayọ̀bọ̀: Nígbà Tí Ilé Gba Ilẹ̀ Oko

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní abẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú lónìí, ariwo ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn kọ̀ńdọ́ ń ké "Ìyànà Ìpájà!" "Ẹgbẹ́dá!", àwọn alátẹ jókòó ti ojú gọ́tà, ilé sì fara ti ilé títí dé ibi tí ojú ríran mọ. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí orúkọ àwọn àdúgbò tí kò jìnnà síbẹ̀: Oko Ọba, Abúlé Ẹ̀gbá, Òkè Odò. Oko, abúlé, odò. Ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́, ẹnu sì ń pè wọ́n lójoojúmọ́.

Oko ni ilẹ̀ yìí lóòótọ́. Ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Agége kọjá dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì sọ ìgbẹ́ ẹ̀yìn Èkó di ilẹ̀ ọrọ̀. Ní ọdún 1907 àwọn àgbẹ̀ àgbègbè náà dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀. Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko kòkó rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, ni aṣáájú wọn. Nígbà tí ó yá, obì gbàǹja gba ipò iwájú. Àwọn Hausa oníṣòwò obì tẹ̀dó sí Agége, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya. Owó obì kọ́ ilé, ó sì rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ilẹ̀ tí ó ṣófo ni ìlú wá gbà.

Mo rin ọ̀nà náà ní àsìkò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, kí n lè fi ojú ara mi rí ibi tí oko kù sí. Láti Dọ̀pẹ̀mú mo gba Akówọnjó lọ sí Ẹgbẹ́dá, mo sì ya sí Gowon Estate, èyí tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ní àwọn ọdún 1970. Mo jáde sí ọ̀nà Ìpájà, mo dé Abẹ́sàn, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù láàárín ọdún 1979 sí 1983. Shagari Estate, tí a fi orúkọ Ààrẹ ìgbà náà pè, wà ní apá ibẹ̀ pẹ̀lú. N kò ní bú àwọn tí ó kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ tíṣà, akọ̀wé àti nọ́ọ̀sì ni ó tipa ilé wọ̀nyí bọ́ lọ́wọ́ yàrá kan tí ènìyàn méje ń sùn sí. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, ti Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù kan, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó pọ̀ tó o. Ènìyàn tí ó pọ̀ tó báyìí gbọ́dọ̀ rí ibi forí pamọ́ sí.

Ohun tí mo ń rò bí mo ti ń rìn ni pé, nígbà tí katakata ń hú igi obì, ta ni ó béèrè ibi tí omi yóò gbà? Òfin kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni béèrè. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 ni Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin pé kí ìjọba wọn yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní tiwa, ìyọnu ni ó là wá lójú: ní ọdún 1988 a bá pàǹtí olóró tí a kó wá láti Ítálì ní Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ní ọdún 1992 ni ìjọba ológun gbé òfin àyẹ̀wò àyíká jáde, Òfin nọ́ńbà 86. Nígbà náà, Gowon, Abẹ́sàn àti Shagari ti wà ní ìdúró.

Kí ni òfin náà wí? Ó wí pé kí ìjọba tàbí aládàáni má ṣe dáwọ́ lé iṣẹ́ kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ro ohun tí yóò ṣe sí àyíká. Yóò ṣàpèjúwe iṣẹ́ náà àti ilẹ̀ náà. Yóò sọ ohun tí ó lè bàjẹ́ lónìí àti ní ẹ̀yìn ọ̀la, ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà ṣe é, bí a ó ti dín ìbàjẹ́ kù, àti bóyá yóò kan ìpínlẹ̀ mìíràn. Kí ìjọba tó pinnu, kí a gba gbogbo ènìyàn láyè láti sọ tẹnu wọn. Ní ti ilé kíkọ́, dandan ni àyẹ̀wò kíkún bí ilẹ̀ náà bá tó hẹ́kítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bí a bá kó nǹkan bí 750 rẹ̀ jọ ni ó tó hẹ́kítà 50. Ẹbí mélòó ni ó ń ta 750 lẹ́ẹ̀kan? Ẹbí kan ta mẹ́wàá lọ́dún yìí, òmíràn ta ogún ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí yóò kọ́lé l'Ékòó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ni ìwé náà ń wò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni oko ṣe lè tán láìsí ẹni tí ó wo gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ní ẹ̀yìn Ayọ̀bọ̀ mo bá bàbá kan tí ó ń bu omi rin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú láàárín ilé méjì tí a kò tíì parí. Òkúta sọ̀fíyọ̀ wà láàárín ebè rẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́, mo sọ fún un pé tíṣà ni mí, mo sì bi í bóyá òun ni ó ni ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Onílẹ̀ wà ní ìgboro. Ó ní kí n máa lò ó títí búlọ́ọ̀kù yóò fi dé. Ibi kẹrin tí mo ti ń ṣí kiri nìyí, tíṣà. Ẹ̀bá Ìpájà ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé wọ́n san owó irè oko yín fún yín, bàbá?"

"Ta ni yóò san án? Ẹni tí ó gbà mí láyè ni ó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá lé mi níhìn-ín, ó di Ìtẹ̀lé."

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí a san owó irè oko bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbogbòò. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Onílẹ̀ tà, olówó rà, àgbẹ̀ di ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò lè wí pé, kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ó kàn yín. Ẹ̀fọ́ tí à bá fi orí rù wá sí ọjà láàárọ̀, ọkọ̀ ni yóò gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, owó ọkọ̀ yóò sì wà lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Omi ńkọ́? Ilẹ̀ oko a máa fa òjò mu. Páànù àti kọnkéré kì í fà á. Àwọn àgbà ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ l'Ékòó, ó gba ẹ̀mí ènìyàn, ó sì lé ọ̀pọ̀ kúrò nílé. Àgbàrá kì í béèrè ìwé ilẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èkíní, nígbà tí iṣẹ́ ńlá bá dé, ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni a máa ń fi àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ síta, ní ibi bíi ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa nìyí: kí a lọ kà á, kí a túmọ̀ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ìyálọ́jà, kí a bá wọn kọ ìwé èsì. Èkejì, ẹni tí ó bá fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì, kí ó lọ wò ó nígbà òjò. Olùtà tí kò lè fi ọ̀nà omi hàn yín, ẹ má fún un lówó. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba má ṣe máa ka ilẹ̀ ní kéékèèké. Pulọ́ọ̀tì 750 tí ogún ẹbí tà kò yàtọ̀, lójú òjò, sí èyí tí ilé iṣẹ́ kan tà. Ìtẹ̀lé sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí Èkó àti Ògùn jọ jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí omi kò mọ ààlà.

Obì gbàǹja kò lè padà sí Dọ̀pẹ̀mú mọ́. Ṣùgbọ́n ebè ṣì wà níwájú. Ibẹ̀ ni kí a ti béèrè, kí sọ̀fíyọ̀ tó ri òkúta rẹ̀ mọ́lẹ̀.