Òkèlè Wúrà

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé àwọn òpùrọ́ ńlá ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí: àwọn olè, àwọn olóṣèlú, àti àwọn tí wọ́n ń kó owó ẹgbẹ́ jẹ. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ni ó ń dúró dè. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi ara balẹ̀, kí n sọ fún yín bí búrẹ́dì kan tí a da ṣúgà sísun àti èso lé lórí ṣe tú àṣírí mi.

Búrẹ́dì ni ìyá mi fi tọ́ wa. Òṣogbo ni a ń gbé, ààrò amọ̀ rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè wọ inú rẹ̀. Ní ìdájí ni a ó ti dá iná igi sí i; bí ó bá gbóná tán, a ó wa ẹyin iná jáde, a ó fi pákó gígùn ti àwọn páànù wọlé, a ó sì fi irin dí i lẹ́nu. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ àbáláyé tiwa. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, ni ó sọ ọ́ di òwò ńlá ní Èkó láti ọdún 1921. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa kan ìyá mi, ó ti di iṣẹ́ ilé wa, gẹ́gẹ́ bí aṣọ híhun ti jẹ́ iṣẹ́ ilé fún àwọn ará Ìṣẹ́yìn.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún 12, ìyá mi lọ kí àbúrò rẹ̀ kan tí ó bímọ. Ó ní kí n po ìlàjì àpò fúláwà, kílò 25, kí òun tó dé. Àwìn ni ó ra fúláwà náà. Ó kìlọ̀ fún mi pé omi tí n ó fi po yíìsì kò gbọdọ̀ ju kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, mo ń gbọ́ ariwo wọn, ara mi kò sì balẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé bí omi wọ́ọ́rọ́ bá ń mú yíìsì ṣiṣẹ́, omi gbígbóná yóò mú un ṣiṣẹ́ kíákíá. Mo bu omi tí ó wà lórí iná, mo dà á lé yíìsì, mo po gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi aṣọ bò ó, ó di orí pápá.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, fúláwà náà kò wú. Ó jókòó sínú ọpọ́n bí amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò gbàgbé. Ìyá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Báwo ni omi tí o fi po yíìsì ti rí?"

Mo ní, "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, mà. Bóyá yíìsì náà ni ó ti bàjẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi lọ sí ọjà lọ bá obìnrin tí ó ń ta yíìsì fún un. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n jẹ́. Ìyá Oníyíìsì ni àwa ọmọdé ń pè é, kò sì sí ìgbà tí a dé ìsọ̀ rẹ̀ tí kì í fún wa ní nǹkan jẹ. Obìnrin náà búra pé ọjà òun kò bàjẹ́. Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ọmọ tèmi kì í purọ́." Mo dúró lẹ́yìn ìyá mi, mo gbọ́ gbólóhùn náà, n kò la ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì kò ti kí ara wọn mọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá mi fi san gbèsè fúláwà náà, mo sì ń wò ó.

Ọdún 19 kọjá. Mo bá ara mi ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ní etí adágún Erie, níbi tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́. Mo háyà yàrá ní ilé ìyá arúgbó kan, ọmọ Hungary. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e sá kúrò nílé ní ọdún 1956, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Soviet fi ọkọ̀ ogun tẹ àwọn ará ìlú wọn tí wọ́n dìde fún òmìnira mọ́lẹ̀. Nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni ó sá kúrò ní ilẹ̀ náà. Àdúgbò Buckeye ní Cleveland ni àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́ dé sí, nítorí pé àwọn ará Hungary ti pọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Màmá ni mo ń pè é, nítorí n kò lè máa pe àgbàlagbà lórúkọ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò dídì bo gbogbo ojú ọ̀nà, Màmá pè mí sí ilé ìdáná. Ó ní òun fẹ́ kọ́ mi ní búrẹ́dì ìlú òun. Aranygaluska ni orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òkèlè wúrà. Ìbátan rẹ̀ ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní búrẹ́dì ọ̀bọ, àwọn kan ní nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń já a jẹ bí ọ̀bọ. A kì í fi ọ̀bẹ gé e. Òkèlè kéékèèké ni a ń tò jọ sínú páànù kan, tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú iná, tí olúkúlùkù yóò sì máa já tirẹ̀.

Màmá gbé mílíìkì kaná, ó da díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ mi. Ó ní, "Bí o kò bá mọ̀ ọ́n lára pé ó gbóná tàbí pé ó tutù, ó dára nìyẹn. Ohun ẹlẹ́mìí ni yíìsì, ọmọ mi. Ṣúgà ni ó ń jẹ, èémí rẹ̀ ni ó sì ń mú búrẹ́dì wú. Bí o bá fi omi gbígbóná pa á, kò sí ohun tí yóò jí i."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tí n kò rò. Mo po fúláwà, bọ́tà, ẹyin, mílíìkì àti yíìsì náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọpọ́n ìyá mi ni mo ń rí. Lẹ́yìn wákàtí kan ó wú di ìlọ́po méjì. A fọ́ ọ sí òkèlè bí àgbálùmọ̀ kéékèèké, a rì wọ́n sínú bọ́tà yíyọ́, a yí wọn nínú ṣúgà àti walnut lílọ̀, èso kan tí ó fara jọ àsálà tiwa. A wá da ṣúgà sínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré, kí ó yọ́, kí ó sì pọ́n bí oyin, kí a tó fi bọ́tà, omi ọsàn àti ápù gígé sí i.

Ibẹ̀ ni Màmá ti bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí n ó fi sọ ọ́ tán, èéfín ti gba ilé. Ṣúgà ti jóná, ó ti korò. Màmá dà á nù, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn ní, "Ǹjẹ́ obìnrin náà ṣì wà láàyè?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Lọ mọ̀."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tẹ ìyá mi láago, mo sì jẹ́wọ́. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ẹ̀rọ ti já. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò pè mí padà. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ó tó pè. Ó ní, "Ìyá Oníyíìsì wà láàyè. Ó ti fi ọjà sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ìwọ ni o purọ́, ìwọ ni o ó lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà yóò bá ọ lọ, nítorí èmi ni mo bú u lójú ọjà."

Nígbà tí mo dé ilé ní oṣù Kejìlá, ààrò amọ̀ náà ni mo fi ṣe òkèlè wúrà. Kò sí ápù nítòsí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo gé sínú ṣúgà sísun náà, ìyá mi sì ní ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ po yíìsì, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi láìsọ̀rọ̀, mo sì da omi náà sí i ní ọrùn ọwọ́. Ó mi orí.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Ìyá Oníyíìsì, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Oníbúrẹ́dì mẹ́rin ni ó tẹ̀lé ìyá rẹ kúrò lọ́dọ̀ mi ní ọdún náà." Èyí ni n kò mọ̀ rí. Mo ti rò pé owó fúláwà nìkan ni irọ́ mi jẹ.

Ìyá mi kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Obìnrin náà na ọwọ́, ó wá páànù náà kàn, ó já òkèlè kan, ó jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó dùn jù." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jókòó." Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í já búrẹ́dì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi ara wọn léèrè àwọn tí wọ́n ti kú àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Nígbà tí a fi máa dìde, páànù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, Ìyá Oníyíìsì sì ní kí ìyá mi fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún òun.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ dán búrẹ́dì yìí wò, kí ó kọ́kọ́ fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tọ́ omi náà wò. Bí ó bá sì ti ṣèèṣì pa yíìsì, kí ó tètè sọ fún ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.