Àlọ́ Àdán àti Ilé Tí Ó Ń Wá

Nínú gbogbo ẹ̀dá inú àlọ́, kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ ibùgbé rẹ̀ ta kókó tó ti àdán. Àwọn àgbà ní kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Nínú àlọ́ tí a mọ̀ káàkiri, nígbà tí ogun bẹ́ láàrin ẹyẹ àti ẹranko, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá ń borí ni àdán ń yà sí. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, tọ̀túntòsì lé e, ó sì di ẹni òru.

Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ sábà máa ń fà yọ ni pé alágàbàgebè kì í ní ilé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ìgànná, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọ̀wà, wà ní pápá ọ̀dàn Òkè-Ògùn, kò sì jìnnà sí ibodè Bẹ̀nẹ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọ onílé lè jókòó ti ọmọ darandaran àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá láti òdìkejì ibodè. Bí olùkọ́ bá pàlọ́ náà tán tí ó dákẹ́, ta ni ọmọ àlejò yóò fi ara rẹ̀ wé?

Igi oṣè lè ran olùkọ́ lọ́wọ́. Òru ni òdòdó rẹ̀ máa ń là. Àdán tí ń jèso a wá mu omi dídùn inú rẹ̀; lẹ́búlẹ́bú òdòdó a lẹ̀ mọ́ ọn lára, a sì gbé e dé orí oṣè mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni oṣè ṣe ń so. Láìsí èso, oṣè tuntun kò ní hù, ewé tí a ń fi se lúrú yóò sì di àwátì. Ẹni tí wọ́n lé ni ó ń bọ́ àwọn tí ó lé e.

Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ sọ igbó Ọ̀yọ́-Ilé di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó. Ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín ní ibi ìsádi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣè inú oko àti ti ẹ̀yìnkùlé kò sí nínú ọgbà náà. Ọwọ́ ará ìlú ni ó wà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn pa ìyókù àlọ́ náà. Iná ẹ̀ẹ̀rùn jó igbó; àdán, òòrẹ̀ àti ahun ń wá ilé. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí sì ni olúkúlùkù wọn yóò mú wá fún onílé?