Ẹni Tó Mú Ẹ̀bùn Wá àti Ẹni Tó Dúró

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ ni àlejò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí àwọn ilé ọmọ òrukàn ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ á kó àpò ìrẹsì àti páálí Indomie dé, ilé-iṣẹ́ kan á gbé nǹkan ìṣeré wá, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á kó aṣọ jọ. Àwọn ọmọ á tò, wọ́n á kọrin, wọ́n á ya fọ́tò, àgbà kan á gbàdúrà, lẹ́yìn náà mọ́tò á yí orí padà, ó di ọdún tó ń bọ̀. N kò sọ pé àánú yìí burú, nítorí ìrẹsì oṣù kejìlá ni ilé mìíràn ń jẹ títí tí ọdún tuntun fi ń jìnnà. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní in lọ́kàn láti kọ́ ọ: pé ẹni tó bá gbé ẹ̀bùn wá ní Kérésì kò ní sùn síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí tọkọtaya bá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọmọ, tí Kérésì àkọ́kọ́ sì kan ilẹ̀kùn wọn, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá iye ẹ̀bùn tí wọ́n lè rà. Èrò mi ni pé ó yẹ kí ọdún àkọ́kọ́ yìí mọ níwọ̀n, kó má sì lérò púpọ̀. Ọmọ náà ti rí ẹ̀bùn rí. Ẹni tó bá a ṣọdún tí kò sì lọ ni kò tíì rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọmọ náà dúró sí lójú òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, là á sílẹ̀ pé ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á ṣọmọ fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó kéré tán, kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i. Èyí ni pé ọmọ tó wọlé ní ìparí oṣù kẹwàá yóò ṣe Kérésì kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn á máa yà wò ó, á bi í bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ òfin, àmọ́ ó mọ̀ pé wọ́n ń yẹ nǹkan kan wò, kò sì mọ̀ bóyá òun ni tàbí àwọn àgbà. Ọkàn àwọn òbí pàápàá kò tíì balẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ojú sọ́nà fún ọdún gbọọrọ, wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹbí àti aládùúgbò, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ ti ń sáré kiri nínú ilé tiwọn náà. Ibẹ̀ ni Kérésì àkọ́kọ́ ti ń di ńlá: wọ́n á dá ankárá kan náà fún gbogbo ilé, wọ́n á pe ìdílé ìyá àti ti bàbá, wọ́n á ṣe ìdúpẹ́ níwájú ìjọ, fọ́tò á sì gba orí fóònù gbogbo ọ̀rẹ́. Wọ́n ní ọmọ làwọn ń ṣe é fún. Bí a bá wò ó dáadáa, ìtùnú àgbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìtùnú náà tọ́ sí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èjìká ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì lè rù ú.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa ọmọ tó dàgbà láàárín òṣìṣẹ́ tó ń pààrọ̀ ara wọn ràn wá lọ́wọ́ níbí. Nígbà tí ìjọba Ceaușescu wó ní Romania ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ayé rí i pé ọmọ tó lé ní 100,000 ló wà nínú ilé ìtọ́jú ìjọba níbẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ń bójú tó ọ̀pọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan. Láti ọdún 2000 ni àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, ti ń tẹ̀ lé ọmọ 136 láti irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú Bucharest. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n fi ìdajì àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀ ìdílé tó gbà wọ́n tọ́, ètò ìtọ́jú àtijọ́ sì ń lọ fún ìdajì yòókù. Àwọn tó bọ́ sọ́dọ̀ ìdílé ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ ní ìdàgbàsókè ọpọlọ àti ní fífara mọ́ ẹni tó ń tọ́ wọn, pàápàá àwọn tó bọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Oúnjẹ àti aṣọ kò tó láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ìdílé ní tí ilé ìtọ́jú kò ní ni pé ojú tí ọmọ rí ní àárọ̀ náà ló rí ní alẹ́, ó sì tún rí i lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀ pé Èkó kì í ṣe Bucharest, àti pé àwọn ìyá alágbàtọ́ wà nínú ilé ọmọ òrukàn tiwa tí ìfẹ́ wọn kò lábùlà. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni wọ́n, iṣẹ́ sì ní àkókò tí a ń ṣíwọ́.

Bí a bá fi èyí lọ́kàn wo ayẹyẹ Kérésì tiwa, ọ̀pọ̀ nǹkan tí a kà sí ìdùnnú á yí ojú padà. Ọmọ tuntun sáré di mọ́ bùọ̀dá kan tó ń rí fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jókòó sí itan àǹtí kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀, gbogbo ilé sì ń yìn ín pé ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ èèyàn. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú àwọn ọmọ tó ti ilé ìtọ́jú wá gan-an nìyẹn: wọ́n máa ń tètè fara mọ́ àlejò nítorí wọn kò tíì ní ẹni kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Bí ogún àlejò bá gbé e lé itan ní ọjọ́ kan, ìwà àtijọ́ náà la tún ń tẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ tún wo àpò ìrìnàjò. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, ìdílé Èkó á di ẹrù, wọ́n á gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú, Iléṣà tàbí Adó-Èkìtì, inú àwọn ọmọ á sì máa dùn nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ń padà bọ̀. Ọmọ tí wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ rí, tí kò sì padà síbi tó ti kúrò, kò lè wo àpò yẹn bákan náà. Bí lílọ bá pọn dandan, kí ìwé ilé-ìwé rẹ̀ àti bàtà tó fẹ́ràn jù wà ní yàrá rẹ̀, kí a sì fi ọjọ́ ìpadàbọ̀ hàn án lórí kàlẹ́ńdà. Oúnjẹ náà ńkọ́? Nígbà tí adìyẹ bá kún ìkòkò, ọmọ tó ti máa ń pín ẹran kékeré pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ lè fi itan adìyẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó pè é ní olè ti ba ọdún jẹ́. Oúnjẹ tó bá wà ní ọjọ́ Kérésì, tó tún wà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, nìkan ló lè mú ìbẹ̀rù ebi kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni mo ń kọ́ Yorùbá. Wọ́n á ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mú ọdún dùn, àti pé ọmọ tí ẹbí kò bá mọ̀ lónìí, ẹbí náà ló máa sọ lọ́la níbi ogún pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Òfin ti sọ pé ọmọ tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí yóò jogún gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a bí nínú ilé, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnu àgbà ilé lágbára níbi tí kò sí adájọ́. Mo gbà, nígbà náà, pé ẹbí gbọ́dọ̀ mọ ọmọ. Ìgbà tí wọn yóò mọ̀ ọ́n àti bí wọn yóò ṣe mọ̀ ọ́n ni mo ń bá wọn jiyàn lé lórí, àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ sì gbè mí. Abẹ́ òrùlé ni a máa ń fi ọmọ jòjòló sí títí di ọjọ́ kẹjọ tí a ó kó o jáde. Ní ọjọ́ náà pàápàá, àwọn àgbà ló ń wá bá a nínú ilé rẹ̀, tí wọ́n ń fi oyin, iyọ̀ àti obì súre fún un. Kò sí ẹni tó ń gbé e kiri láti agboolé dé agboolé. Bí a bá fún ọmọ ọjọ́ díẹ̀ láǹfààní láti mọ òórùn ìyá rẹ̀ kí ayé tó ya bò ó, kí ló dé tí ọmọ ọdún márùn-ún, tó ní ohun púpọ̀ láti gbàgbé àti láti kọ́, kò fi ní ní ọjọ́ ìfarapamọ́ tirẹ̀? Kí ìyá àgbà wá kí i ní ọjọ́ kan, kí bàbá àgbà wá ní ọjọ́ mìíràn. Ìdúpẹ́ ìjọ lè dúró di Àjíǹde tàbí kó di Kérésì tó ń bọ̀. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tó ti gbọ́njú kí ó tó wọlé náà ń wo ilé kó tó gba orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Àtakò kejì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Wọ́n ní ọmọ yìí ti jìyà tó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni pé kí a rọ̀jò ohun rere lé e lórí, kí ó lè san gbogbo Kérésì tó ti kọjá padà. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ló ń sọ ọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀bùn kò mọ bí a ṣe ń san ohun àná, gbèsè tuntun ló sì lè dá sílẹ̀, nítorí ọmọ tó bá gba ẹ̀bùn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lè máa rò pé ó yẹ kí òun fi ìwà pẹ̀lẹ́ san án. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọ rere bí àlejò ti ń ṣe nílé onílé. Ìtàn tí a ń ṣe Kérésì nítorí rẹ̀ sì ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mátíù ka ìran Jésù láti orí Ábúráhámù wá sórí Jósẹ́fù, ọkùnrin tí ìwé kan náà sọ pé kò ní ọwọ́ nínú oyún náà. Ohun tó fi ṣe bàbá ni pé ó sọ ọmọ lórúkọ, ó sì dúró tì í. Àwọn amòye láti ìlà oòrùn mú wúrà, tùràrí àti òjíá wá, wọ́n sì gba ọ̀nà mìíràn padà sí ìlú wọn. A kò kà á níbì kankan pé Jósẹ́fù mú ẹ̀bùn wá. Àmọ́ nígbà tí Hẹ́rọ́dù ń wá ọmọ náà láti pa, òun ló dìde lóru, tó gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ló ń fi àwọn amòye ṣe eré lọ́dọọdún nítorí aṣọ wọn ń dán. Òbí tó gba ọmọ ṣọmọ, Jósẹ́fù ni kó wò.

Ó ku àwọn tó rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ibi tí ọmọ ti wá nínú ọdún, kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Àṣírí yìí wọ́pọ̀ láàárín wa. Àwọn kan tilẹ̀ ń kó kúrò ládùúgbò kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé wọ́n gba ọmọ. Ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́ta kò nílò kí a sọ ọ́ fún un, ó rántí. Ó lè máa ronú nípa ìyá alágbàtọ́ tó máa ń di irun rẹ̀, tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Bí òbí bá ní òun kò fẹ́ gbọ́, ọmọ á kọ́ pé apá kan òun kò gbọdọ̀ wọ inú ilé yìí. Ó sàn kí a jọ tẹ̀ wọ́n láago lọ́jọ́ ọdún, kí ó kí wọn, kí ó sọ ohun tó jẹ. Ìbẹ̀wò sí ilé ọmọ òrukàn náà lè dúró díẹ̀, nítorí ìpadàlọ sí ẹnu géètì ibẹ̀ lè dà bí ìdápadà lójú rẹ̀. Kí àwọn òbí sì ti bá ẹbí sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí àbúrò bàbá kan má baà jókòó ti ọtí, kó máa bèèrè ẹni tí ọmọ náà jọ. Ìdáhùn kan ṣoṣo tó fún gbogbo wọn: ọmọ wa ni. Bí àwọn ọmọ tí a bí bá ti wà nínú ilé ṣáájú, àwọn náà ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé ìdí tí ọdún yìí kò fi ní dà bí ti àtẹ̀yìnwá, kí wọ́n má baà rò pé àbúrò tuntun ló gba ayẹyẹ lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí kò ní dùn mọ́ ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá ya àwòrán Kérésì yìí sọ́kàn. Kò sì ní kí a má ṣe ìrẹsì, kí a má ra aṣọ ọdún, kí a má jó. Kí ilé dùn, kí báńgà dún níta bí ọmọ kò bá bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a má fi ọjọ́ kan ṣe òṣùwọ̀n ìdílé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ gidi wà, nígbà tí ìrẹsì ti tán, tí owó ilé-ìwé oṣù kìíní ń dúró, tí ọmọ náà sì wá dán òbí wò pẹ̀lú ìwà tí kò hù níwájú àlejò. Bí wọ́n bá bá a wí láì halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn á dá a padà, wọ́n ti fún un ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá bá a rí. Èso rẹ̀ lè má hàn títí di oṣù kọkànlá tó ń bọ̀, nígbà tí ọmọ náà bá dá ọ̀rọ̀ Kérésì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ní ẹran ọdún tó kọjá kò tó òun, òun sì fẹ́ itan méjì lọ́tẹ̀ yìí. Àlejò kì í yan ẹran lórí àwo onílé. Ọmọ onílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.