Ẹ Má Sùn Lóru Ọjọ́ Kọkànlá

Olówó orí mi, Bàbá Ìbejì,

Mo mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkè-Àdó ni ẹ ti ń ka ìwé yìí, tí ariwo ọkọ̀ Liberty Road ń wọlé bí àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn. Ibi tí èmi wà, ariwo kò sí. Igbó ni mò ń wò láti ojú fèrèsé ní Loughton. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, oorun kì í wá. Apá ibi tó yẹ kí ẹ sùn sí ló ṣófo. Mo máa ń kó ẹsẹ̀ sí bàtà, mo sì máa ń wọ igbó lọ.

Igbó Epping ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò rí igi bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí rẹ̀ nípọn, kò sì ga. Níbi tí ẹnu màlúù kò lè nà dé, ibẹ̀ ni ẹ̀ka méje tàbí mẹ́jọ ti ya lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọwọ́ tó la ìka sí ojú ọ̀run. Mo bi ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àáké àwọn baba àwọn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Abúlé ni Loughton nígbà náà. Àwọn ará ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́ ẹ̀ka igi fún ìdáná, láti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹrin. Wọ́n gbà pé bí agogo méjìlá òru ọjọ́ kọkànlá bá kọjá tí àáké kankan kò dún, ẹ̀tọ́ náà bọ́ nìyẹn. Wọ́n ní lọ́dún kan, àwọn onílẹ̀ se àsè fún àwọn agégi, wọ́n sì rọ ọtí fún wọn kí wọ́n lè gbàgbé. Thomas Willingale nìkan ló yọ́ jáde. Nígbà tó máa wọlé padà, ẹ̀ka igi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1856. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú rẹ̀: ilẹ̀ gbówó lórí, onílẹ̀ sọgbà yí igbó ká, ó fẹ́ gé e ní pulọ́ọ̀tì. Ìdílé Willingale kò yéé rẹ́ igi. Ní 1866 wọ́n ju àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Thomas fúnra rẹ̀ gba kóòtù lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó kú ní 1870, ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Àwọn aláṣẹ City of London ló wá jà á débi tí òfin ọdún 1878 fi jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọgbà sí igbó náà mọ́. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìdáná lọ́wọ́ àwọn ará Loughton, wọ́n sì fi owó gbà-má-bínú rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn fún wọn. Lopping Hall ni orúkọ rẹ̀. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Bí mo bá ń rìn lábẹ́ àwọn igi yìí, Ẹlẹ́yẹlé ni mo máa ń rántí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a jókòó sí etí omi tí wọ́n sé ní 1942, lábẹ́ àwọn igi tíìkì tí wọ́n gbìn láti dáàbò bo omi náà? Ẹ já ewé tútù kan, ẹ fi ra mí látẹ́lẹwọ́, ó pọ́n bí osùn. Ẹ ní, "Mo ti sàmì sí ọ." Mo fọ ọwọ́ yẹn títí, kò tètè lọ.

Fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mo rí i pé ilé ti wọ inú igbó Ẹlẹ́yẹlé. Ó dùn mí. Ìjọba fi òfin dá igbó yẹn náà sí, àmọ́ ìwé òfin kì í dìde lóru lọ ṣọ́ igbó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, ọkọ mi. A ní ìwé ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n a ti ń jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, nígbà mìíràn méjì, kí a tó gbóhùn ara wa: iṣẹ́ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó rẹ̀ mí ni. N kò fẹ́ kí ẹ̀tọ́ mi bọ́.

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ń bọ̀. Tí agogo méjìlá òru bá lù níbí, agogo kan ni lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn. Màá pè.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ yín.