Bọ́ọ̀lù Tí Kò Sọnù

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣakí, ní Èkó, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gba ẹnubodè Hilla-Condji kọjá wá wá oúnjẹ òòjọ́ yín ní Lomé, mo kí yín láti Avépozo níbí, létí òkun.

Ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wò ó, ẹ má tíì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ ilé wà nínú rẹ̀.

Ní àdúgbò wa, Milwaukee ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ń tì lẹ́yìn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú wa dé Milwaukee rí. Orúkọ ló fà á. Giannis Antetokounmpo tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn, Adétòkunbọ̀ ni. Ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n bí i sí ní 1994, ibẹ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀ ti yí padà láti bá ahọ́n àwọn onílùú mu. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá gbọ́ ọ mọ ohun tó gbọ́: adé ti òkun bọ̀. Àwa tí à ń gbọ́ ìró òkun látorí ẹní wa lóru, ẹgbẹ́ wo la tún fẹ́ lọ wá?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2025, a péjọ sí àgbàlá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta páátì ọkọ̀ lójú ọ̀nà Aného. Lomé fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú Indianapolis nígbà yẹn, nítorí náà òru ni tiwa. Playoff ni wọ́n wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ na ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀ síwájú. Indiana ti na Milwaukee lẹ́ẹ̀mẹta, Milwaukee sì ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Ọjọ́ méjì ṣáájú, iṣan gìgísẹ̀ Damian Lillard ti já. Lillard yìí ni point guard Milwaukee nígbà yẹn, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀yìn, tó ń wo ibi tí eré máa gbà.

Ẹni tó bá wo eré yẹn kò ní gbàgbé. Ó dé àfikún àkókò. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó kù, Milwaukee sì fi pọ́ìntì méje ṣíwájú. Ẹ̀gbọ́n onílé ti dìde, ó ní kí wọ́n lọ gbé mínírà tó kù nínú fìríìjì wá. Kí mínírà tó dé, bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ Milwaukee lẹ́ẹ̀kan, ó tún bọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Gary Trent Jr., tó ti ju pọ́ìntì 33 sínú agbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, ni ọ̀kan yọ̀ mọ́ lọ́wọ́ tó sì jáde láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Tyrese Haliburton, point guard Indiana, sáré wọlé, ó gbé e sínú. 119 sí 118. Ó parí. Adétòkunbọ̀ ju pọ́ìntì 30, ó já bọ́ọ̀lù 20 gbà lábẹ́ agbọ̀n, ó gbé 13 fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jù wọlé, síbẹ̀ ilé ló ń lọ.

Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n onípáátì ní owó rẹpẹtẹ tí wọ́n ń san fún Lillard, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ju bọ́ọ̀lù wọlé. Ó ní point guard tí kò bá lè ju pọ́ìntì ọgbọ̀n, kó lọ jókòó. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe ní rárá, kí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé Adétòkunbọ̀ lọ́wọ́ pátápátá, ṣebí ẹ rí i pé 13 ló gbé fún èèyàn lálẹ́ òní? Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí ọba fúnra rẹ̀ tún máa lọ pọnmi ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá kan tó wá láti Àjàṣẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá dá sí i. Ó ní orúkọ tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè é ló ń ṣì yín lọ́nà. Point guard, ó dà bí orúkọ maigádì. Ní ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, meneur ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ń kó àwọn ẹlòmíràn lọ. Ó ní ẹni tó ń kó èèyàn lọ, ṣé ìwọ̀n oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ ni ẹ fẹ́ fi díwọ̀n rẹ̀, àbí bóyá gbogbo wọn délé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n onípáátì ni mo wà. Mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jù ú, ojo ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọmọkùnrin mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò ga. Meneur ni nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbá eré kan tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá nà máa lọ sílé ni. Pọ́ìntì kan ni wọ́n fi ń ṣíwájú wọn, àsìkò ti fẹ́ẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ọmọ méjì sáré bò ó. Ó gbé bọ́ọ̀lù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jù ú, ó gbá irin, ó jáde. Wọ́n pàdánù.

Èmi bàbá rẹ̀, mo dìde láàárín àwọn èèyàn. Mo ní, "Ojo! O gbé e fún ẹlòmíràn kí wọ́n má baà bá ọ wí!" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ju bọ́ọ̀lù náà gbọ́ pẹ̀lú. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù ọmọ yẹn wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Mo rí i lójoojúmọ́, n kò sọ nǹkan kan. Mo ní yóò gbàgbé.

Ní alẹ́ tí mò ń wí yìí, bọ̀dá ará Àjàṣẹ́ ló pè é. "Ìwọ ọmọ, ṣebí meneur ni ọ́? Kí ni ìwọ rí?"

Ó wò mí kó tó dáhùn. Mo mi orí.

Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin bàbá. Bọ́ọ̀lù tó bá sọnù, gbogbo wa la máa ń rí i. Èyí tí kò sọnù ńkọ́, ta ló ń kà á?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní Haliburton yìí, lọ́dún yẹn, ó ń gbé bọ́ọ̀lù tó lé ní mẹ́sàn-án fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń di pọ́ìntì nínú eré kan, èyí tó sì ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kò pé méjì. Ó ní síbẹ̀, nígbà tí ìwé ìròyìn The Athletic ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù dìbò láìdárúkọ ara wọn lọ́dún náà, òun ni ìbò pọ̀ jù fún pé ìyìn tí wọ́n ń fún un ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Àwọn tó ń gbá a gan-an kò rí i, Dádì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àwa tí à ń wò ó." Ó ní nínú ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn yẹn, kì í ṣe ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù ni Milwaukee kò ní. Ẹni tí wọn ìbá gbé bọ́ọ̀lù fún tí ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀ ni kò sí.

Ilé dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n onípáátì ní, "Ọmọ yìí gbọ́n o," ó sì gbé mínírà kan lé e lọ́wọ́.

Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo rántí pé ní 2020, nígbà tí Miami lé Milwaukee kúrò nínú playoff, orí Eric Bledsoe, point guard ìgbà náà, ni ọ̀pọ̀ wa gbé gbogbo ẹ̀bi lé. Wọ́n fi òun àti àwọn nǹkan mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n gba Jrue Holiday. Holiday kì í ṣe ẹni tó ń ju pọ́ìntì ogójì. Ṣùgbọ́n ní 2021, nínú eré karùn-ún ìpele àṣekágbá, òun ló já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Devin Booker nígbà tí eré fẹ́ẹ̀ parí, òun náà ló sọ ọ́ sókè fún Adétòkunbọ̀ tó rì í mọ́nú agbọ̀n. Ní eré kẹfà, ogúnjọ́ oṣù keje, Adétòkunbọ̀ ju 50, wọ́n gba ife. 50 yẹn ni gbogbo wa ń kà. Ta ló ń ka ti Holiday?

Ní 2023, Miami tún nà wọ́n, Jimmy Butler ju 56 nínú eré kan. A tún wá ẹni tí a máa gbé e lé lórí. Kí ọdún tó parí, Holiday ti lọ, Lillard ti dé, torí Lillard mọ bọ́ọ̀lù jù. Ní 2024, ta ló gba ife? Boston, Holiday sì wà nínú wọn. N kò sọ pé Lillard burú o. Ẹsẹ̀ tó já, kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú wa ń yára rí ẹni tó ń jù ú wọlé, kì í tètè rí ẹni tí kò jẹ́ kó sọnù.

Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ló kó sí mi lórí, ẹ rántí ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún náà. Indiana ti dé eré keje ìpele àṣekágbá pẹ̀lú Oklahoma City. Ẹsẹ̀ Haliburton ti ń dùn ún ṣáájú, ó gbá a bẹ́ẹ̀. Ó ju mẹ́ta láti ọ̀nà jíjìn wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ sáré kọjá, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ bí ọmọdé. Iṣan gìgísẹ̀, bíi ti Lillard. Àwọn yòókù fara dà á, pọ́ìntì kan ni wọ́n fi ṣíwájú nígbà ìsinmi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsinmi, bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ṣáá. Oklahoma City gba ife, 103 sí 91.

Àgbàlá kan náà la ti wò ó. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kẹta tàbí ìkẹrin sọnù tẹ̀léra wọn, ẹ̀gbọ́n onípáátì fúnra rẹ̀ sọ pé, "Ẹ rí i báyìí. Ìgbà tí kò sí níbẹ̀ la wá rí iṣẹ́ tó ń ṣe."

Ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lóṣù kẹrin. Ẹ̀yin bàbá ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé kò rọrùn lẹ́nu wa. Bàbá tèmi kò bẹ̀ mí rí títí ó fi kú. Mo ní, "Bọ́ọ̀lù tí o gbé fún ọ̀rẹ́ rẹ lọ́jọ́sí, ó dára. Èmi ni mi ò rí i."

Kò dáhùn kíá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n òun lẹ bá sọ ọ́ fún. Òun náà kò gbá a mọ́."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ọmọ mi nìkan ni mo sọ ọ́ sí, ọmọ ọlọ́mọ ni ó tún gún. Ọmọ mi tí mo pè ní ojo, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣì ń rò.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì mọ ìdí. Mo kúnlẹ̀ sí i bíi ká ṣeré, ó ní kí n dìde, ó pe ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ibi tó yẹ kó wà ló wà lọ́jọ́ náà, pé irin ló kọ̀ ọ́, pé kò sí ẹni tí irin kì í kọ̀.

Àwọn méjèèjì ti padà sí pápá báyìí. Mo máa ń lọ wò wọ́n nírọ̀lẹ́ tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Mo ń fi ìka ka bọ́ọ̀lù tí kò sọnù, nígbà mìíràn máa ṣì í kà, màá tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti wá ń wo ìyá wọn nílé bákan náà, ẹni tó ń ṣètò sẹ́fà tó ń wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù títí di ọgbọ̀n ọjọ́ tí ebi kò pa wá. Ọjọ́ tí iyọ̀ tán nìkan ni mo máa ń pariwo tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ta ni meneur ilé tiyín? Ìgbà wo lẹ kí i gbẹ̀yìn? Ẹ̀yin tí ẹ sì ṣì ń bá ẹ̀gbọ́n onípáátì lọ pé kí point guard ju ọgbọ̀n tàbí kó lọ jókòó, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, a ó jọ jà á. Ẹ kú àṣálẹ́ o, láti Avépozo.