Ife Tí Mo Yà Sọ́tọ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Nígbà tí oyún Aǹtí mi pé oṣù márùn-ún, èmi ni mo sìn wọ́n lọ sọ́sípítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nọ́ọ̀sì ní hepatitis B wà níbẹ̀.

"Ṣé ibà pọ́njú nìyẹn?" Aǹtí mi bi í. Ojú wọn ò kúkú pọ́n, ara wọn sì le koko. Àṣé kòkòrò yìí lè gbé inú ẹ̀dọ̀ èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kó mọ̀.

Nígbà tá a délé, mo ya ife wọn sọ́tọ̀. Wọ́n rí i. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Èmi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì! Mi ò mọ̀ pé jíjọ jẹun, jíjọ mumi, kì í kó o ranni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá rìn, àti ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sọ́mọ nígbà ìbímọ. Nínú ọmọ 10 tó bá kó o lọ́jọ́ ìbí, bíi 9 ni kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gún ọmọ láàárín wákàtí 24. Láti 2004 ló ti wà lára àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà.

Wọ́n gún ọmọ Aǹtí mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí i gan-an. Lọ́jọ́ ìkómọ, mo bẹ̀ wọ́n nítorí ife yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyá kan náà ló bí wa. Ṣé ìwọ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tìẹ wò?"

Ẹnu mi wọhò. Ọ̀la ni mò ń lọ. Ta ló máa bá mi lọ?